Ẹsẹ̀ Katapílà Tí Ó Há: Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìlànà Ìtúsílẹ̀ rẹ̀ ní Agbègbè Lẹ́kkí àti Àjáh

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ó ń mú ẹsẹ̀ ìdúró katapílà agbẹ́lẹ̀ há, àti ọ̀nà tí àwọn mẹkáníìkì lè gbà tú u sílẹ̀ láìba ẹ̀rọ jẹ́ àti láìpa ara wọn lára. Agbègbè Lẹ́kkí àti Àjáh ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni iṣẹ́ náà gbé yẹ̀wò, níbi tí omi iyọ̀, iyanrìn àti ọ̀rinrin ti ń bá irin jà lójoojúmọ́. Ó fi hàn pé ìwádìí ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú agbára, nítorí pé ohun tí ó di ẹsẹ̀ kan mú lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ó di òmíràn mú. Ó tún fi hàn pé gbogbo ìmọ̀ físíìsì àti kẹ́mísírì tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí ṣeé ṣàlàyé ní èdè Yorùbá, àti pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ lò ó nínú kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwà ọmọlúàbí ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ hàn gbangba níbi tí irin bá ti gan mọ́ irin. Mẹkáníìkì tí ó bá fi ìbínú gbé òòlù sí irin tí ó há lè fọ́ ohun tí owó ńlá yóò tún ṣe, ó sì lè pàdánù ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí Lẹ́kkí àti Àjáh wà jẹ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín omi méjì: òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà Èkó sì wà ní àríwá. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Àjáh wà nínú rẹ̀, Etí-Ọ̀sà, ti sọ ìtàn náà tán. Láti ìgbà tí wọ́n ti la òpópónà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ láàárín ọdún 1980 sí 1990, iṣẹ́ ilẹ̀ kò dáwọ́ dúró ní agbègbè náà. Ní ọdún 2006 ni wọ́n dá Agbègbè Òwò Ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí sílẹ̀. Ní ọdún 2013 ni wọ́n ṣí afárá tí ó so Lẹ́kkí pọ̀ mọ́ Ìkòyí. Ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣí afárá Àjáh. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Calabar bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024.

Ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n ń lò ní ojú irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò bíi Lángbàsà, Badore, Ògómbò àti Sangotẹ́dó, níbi tí iṣẹ́ ti jẹ́ gọ́tà, kòtò páìpù omi, ìpìlẹ̀ ilé àti ṣálángá, katapílà kékeré tí ó ń fi ọwọ́ ẹ̀yìn gbẹ́lẹ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ iwájú kó yanrìn, ni ó wúlò jù. Èyí tí ó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ nínú wọn ti lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá. Àwọn ìlú kan ní Yúróòpù máa ń fọ́n iyọ̀ sí ojú ọ̀nà nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Nítorí náà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ti gbé àrùn irin wá láti ibẹ̀ kí atẹ́gùn òkun Lẹ́kkí tó kún un.

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ yìí, ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ ni ó sún mọ́ ẹrẹ̀ jù. Òun ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

2.0 Ìrísí àti Iṣẹ́ Ẹsẹ̀ Ìdúró

Orí táyà rọ́bà ni katapílà agbẹ́lẹ̀ máa ń rìn. Rọ́bà a máa fà, a sì máa súnkì. Bí ẹ̀rọ náà bá ń gbẹ́lẹ̀ lórí táyà nìkan, gbogbo ara rẹ̀ yóò máa mì, yóò sì máa rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ méjì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí awakọ̀ bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀, yóò sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, yóò sì fi garawa ìkóyanrìn iwájú tẹ ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà di ohun tí ó dúró lórí nǹkan mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ẹsẹ̀ kan bá há tí kò sọ̀kalẹ̀, ààrò ti ku méjì. Awakọ̀ tí ó bá ń gbẹ́lẹ̀ báyìí lórí ilẹ̀ rírọ̀ létí ọ̀sà fẹ́ kí ẹ̀rọ dojú dé sínú kòtò, bóyá níbi tí òṣìṣẹ́ mìíràn dúró sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ há sí tí kò gòkè, ẹ̀rọ náà kò lè kúrò lójú kan mọ́.

Ilé iṣẹ́ JCB, tí Joseph Cyril Bamford dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1945, ṣe irú ẹ̀rọ yìí tiwọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1953. Ilé iṣẹ́ Case ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde ní ọdún 1957. Ọdún 1985 ni Caterpillar tó gbé irú rẹ̀ jáde, síbẹ̀ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó dé kẹ́yìn yìí ni àwọn Yorùbá sọ gbogbo wọn: katapílà.

Oríṣi ẹsẹ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ òòró, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn JCB 3CX tí ọwọ́ ẹ̀yìn wọn lè sún sọ́tùn-ún sósì. Àpótí irin gígùn méjì ni: ọ̀kan wà nínú èkejì, ti inú sì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Láàárín wọn ni àwọn páàdì pẹlẹbẹ wà tí kì í jẹ́ kí irin máa ha irin. Èkejì ni ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́, tí ó máa ń ṣí síta bí ẹsẹ̀ akàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára Case 580 àti Caterpillar 416. Irin roboto nípọn kan, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní píìnì, ni ó so irú ẹsẹ̀ yìí mọ́ ara ẹ̀rọ. Inú bọ́ọ̀ṣì ni píìnì náà ti ń yí.

Sílíńdà ni ó ń gbé oríṣi méjèèjì. Òróró háídúrọ́líìkì tí pọ́ọ̀mpù ń tì wọ inú sílíńdà ni ó ń ti písítìnì, tí písítìnì sì ń ti ọ̀pá. Agbára òróró yìí sábà máa ń tó nǹkan bíi 200 bar. Kí ó lè yé akẹ́kọ̀ọ́, kí ó rántí pé afẹ́fẹ́ tí fọ́kanáísà ń fẹ́ sí táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ nǹkan bíi bar méjì. Agbára òróró nínú ẹsẹ̀ katapílà jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò kan fi ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn. Bí ìbú inú sílíńdà bá jẹ́ mílímítà 100, agbára 200 bar yóò ti ọ̀pá rẹ̀ jáde pẹ̀lú ipá tí ó tó ẹrù tọ́ọ̀nù 16. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pá bá fẹ́ wọlé padà, ọ̀pá fúnra rẹ̀ ti gba àyè lójú písítìnì. Bí ìbú ọ̀pá bá jẹ́ mílímítà 50, ipá ìwọlé yóò ku nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ tí ó ti ń gan fi lè máa sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní í fẹ́ gòkè. Awakọ̀ tí ó bá kíyè sí i pé ẹsẹ̀ kan ń falẹ̀ láti gòkè ti gbọ́ ìkìlọ̀. Kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ tí yóò há pátápátá.

3.0 Ohun Tí Ó Ń Mú Ẹsẹ̀ Há

3.1 Ìdógùn-ún

Irin tí ó bá pàdé omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yóò dógùn-ún. Àwọn kan ń pe ìyọrísí rẹ̀ ní ìpẹtà, àwọn mìíràn ń pè é ní ìpáàrà. Omi lásán lè fa èyí, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ń mú un yá gan-an. Ìdí ni pé ìdógùn-ún jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí iná mànàmáná kékeré ń kọjá nínú rẹ̀ láti ibì kan lára irin sí ibòmíràn, omi iyọ̀ sì jẹ́ ọ̀nà tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Iyọ̀ inú ìrì òkun tún ń ba awọ tín-ínrín tí ó yẹ kí ó dáàbò bo irin jẹ́.

Ohun tí ó mú ìdógùn-ún jẹ́ ọ̀tá ẹsẹ̀ katapílà ni pé ìpẹtà gba àyè ju irin tí ó ti jáde lọ, ó kéré tán ní ìlọ́po méjì. Bí èèyàn bá rọ ẹ̀wà gbígbẹ kún inú ìgò, tí ó bu omi sí i, tí ó sì dé e pa, ẹ̀wà náà yóò wú títí ìgò yóò fi fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpẹtà ṣe ń wú láàárín píìnì àti bọ́ọ̀ṣì, níbi tí àyè kò ti tó mílímítà kan. Irin kò lè fọ́ bí ìgò, nítorí náà ó ń fún ara rẹ̀ mọ́ra títí kò fi lè yí mọ́.

3.2 Iyanrìn àti ẹrẹ̀

Ilẹ̀ agbègbè yìí jẹ́ àpapọ̀ yanrìn, ẹrẹ̀ dúdú àti yanrìn tí wọ́n fà láti inú ọ̀sà láti fi dí àbàtà. Omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gidigidi, inú omi ni ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń wà. Nínú ẹsẹ̀ òòró, ẹrẹ̀ tí ó kún fún yanrìn máa ń wọ àárín àpótí inú àti ti òde. Bí ẹ̀rọ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìṣiṣẹ́, ẹrẹ̀ náà yóò gbẹ, yóò sì le bí amọ̀ tí oòrùn sá.

3.3 Àìsí gírísì

Gírísì ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń jẹ́ kí irin yọ̀ lórí irin, ó sì ń lé omi jáde kúrò ní àyè tí ó bá wà. Ihò kékeré tí wọ́n ń gbà fún gírísì lè dí. Ẹni tí ó ń di ìbọn gírísì mú yóò rò pé òun ti fún un, láìmọ̀ pé ẹnu ihò nìkan ni gírísì náà mọ.

3.4 Àìsàn inú sílíńdà àti fáàfù

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí kò lọ ni ó há. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ìdúró ní fáàfù ìdádúró kan, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí ó ń ti òróró mọ́ inú sílíńdà kí ẹsẹ̀ má baà rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí ilẹ̀kùn yìí, òróró kò ní í lè jáde, ẹsẹ̀ yóò sì dúró gan-an bí ẹni pé irin rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Síìlì písítìnì lè ti jẹ, kí òróró máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lásán. Ọ̀pá sílíńdà sì lè ti tẹ̀ nítorí òkúta tàbí kọnkéré tí ẹsẹ̀ fi gbá.

4.0 Ìwádìí Ni Ó Gbọ́dọ̀ Ṣáájú

Babaláwo kì í fún aláìsàn lóògùn kí ó tó dá Ifá. Mẹkáníìkì náà ní ohun mẹ́rin tí ó lè fi ṣe àyẹ̀wò kí ó tó gbé òòlù.

Èkíní ni etí. Kí awakọ̀ fa ọ̀pá ìdarí ẹsẹ̀ tí ó há, kí gbogbo èèyàn sì dúró lókèèrè. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà bí ti ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, a jẹ́ pé òróró ń tì, ohun kan ni ó ń dí i lọ́wọ́. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì kò bá yí padà rárá, ó ṣeé ṣe kí òróró má dé ibẹ̀, tàbí kí ó máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì. Ẹni tí ó bá ń fi òòlù lu píìnì nígbà tí ó jẹ́ pé òróró ni kò dé, iṣẹ́ òfo ni ó ń ṣe.

Èkejì ni ojú. Ẹsẹ̀ tí ó ti tẹ̀, ọ̀pá tí kò tọ́, èérún ìpẹtà pupa ní ẹnu bọ́ọ̀ṣì, tàbí òróró tí ó funfun bí ẹ̀kọ ògì, gbogbo wọn ni ó ń sọ̀rọ̀. Òróró tí ó bá funfun báyìí ti mu omi, omi náà sì lè ti ba inú sílíńdà jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pàṣípààrọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tu agbára inú òróró sílẹ̀ dáadáa, wọ́n lè gbé họ́ọ̀sì ẹsẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ sára èyí tí kò ṣiṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ tí ó há bá lọ, àléébù náà kò sí lára rẹ̀. Ó wà ní ọ̀nà tí òróró ń gbà bọ̀. Bí kò bá lọ, àléébù wà nínú ẹsẹ̀ tàbí sílíńdà rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kẹrin ni ìyàsọ́tọ̀. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ohun tí ó lágbára, kí wọ́n sì yọ píìnì tí ó so sílíńdà mọ́ ẹsẹ̀. Bí sílíńdà nìkan bá lọ tí ó bọ̀, ara rẹ̀ dá. Ẹsẹ̀ ni ó gan. Bí sílíńdà kò bá lọ, òun tàbí fáàfù rẹ̀ ni kí wọ́n tú wò. Àyẹ̀wò yìí nìkan lè gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

5.0 Ààbò Ẹ̀mí

Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ ń pa èèyàn. Kì í bínú ṣáájú. Nítorí náà, àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àṣàyàn.

Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, kí wọ́n fi garawa iwájú àti ọwọ́ ẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Igi líle tí ó nípọn ni kí wọ́n fi ti ara ẹ̀rọ. Lórí yanrìn, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí ìtìlẹ́yìn má baà rì. Búlọ́ọ̀kù ilé, èyí tí ó ní ihò nínú, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá, nítorí pé ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìṣe ìkìlọ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ẹrù sókè. Kò sí fún gbígbà á dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé dání.

Ohun kejì ni agbára tí ó ṣẹ́ kù nínú òróró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì ti ọ̀pá ìdarí lọ bọ̀, agbára ti tán. Èyí jẹ́ òótọ́ fún họ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ òótọ́ fún sílíńdà tí ó ní fáàfù ìdádúró. Iṣẹ́ fáàfù náà gan-an ni láti ti òróró mọ́lé nígbà tí họ́ọ̀sì bá já. Agbára lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà fún ọjọ́ púpọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹrù kúrò lórí ẹsẹ̀, kí wọ́n sì tú nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀.

Ohun kẹta ni òróró tí ó ń jò láti ihò tín-ínrín. Òróró tí agbára ń tì báyìí lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ibi tí ẹ̀gún gún, kí ó má tilẹ̀ dun èèyàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè ba ẹran ara jẹ́ débi tí wọn yóò fi gé ìka tàbí ọwọ́. Páálí ni kí wọ́n fi wá ibi tí òróró ti ń jò. Kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ wá a. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé òróró alágbára ni ó wọ̀ ọ́ lára.

6.0 Ìlànà Ìtúsílẹ̀

6.1 Ẹsẹ̀ òòró

Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi omi tí kò ní iyọ̀, tí ó ń tú jáde pẹ̀lú agbára, fọ àárín àpótí méjèèjì láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha ẹrẹ̀ gbígbẹ jáde. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dẹ àwọn páàdì ẹ̀gbẹ́ tàbí kí wọ́n yọ wọ́n. Nígbà mìíràn, èyí nìkan ti tó, nítorí pé páàdì tí ìpẹtà ti lẹ́yìn ni ó fún àpótí inú mọ́ra.

Bí kò bá tíì lọ, kí wọ́n da òróró ayọ́wọnú-irin sí i láti òkè, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí awakọ̀ ti ẹsẹ̀ náà sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ó fà á sókè díẹ̀, kí ó tún tì í. Kò gbọdọ̀ fi agbára kan náà fà á títí. Ìṣípòpadà kékeré tí kò ju mílímítà kan lọ ń fọ́ ìpẹtà sí lẹ́bú, òróró sì ń rí àyè wọlé. Nígbà tí ìrìn rẹ̀ bá di ìka kan, tí ó di ìka méjì, iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ẹ́ parí. Bí wọ́n bá fi ṣéènì àti ẹ̀rọ mìíràn fà á, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ní ìtòsí, torí pé ṣéènì tí ó já ń fò bí ọfà.

6.2 Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́

Ojú píìnì ni ìjà wà níhìn-ín. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ bọ́ọ̀tì tí ó di píìnì mú. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti lu píìnì láti àárọ̀ di ọ̀sán láìrántí bọ́ọ̀tì yìí. Kí wọ́n yọ ẹnu ìgba-gírísì, kí wọ́n la ihò rẹ̀, kí wọ́n sì gba ibẹ̀ fún òróró ayọ́wọnú-irin, nítorí pé ihò náà lọ tààrà sí àárín ibi tí ó há. Suúrù wákàtí mẹ́rìnlélógún sàn ju òòlù ọgọ́rùn-ún lọ.

Nígbà tí ó bá kan lílù, kí wọ́n fi irin rírọ̀ bíi bàbà sáàárín òòlù àti píìnì. Píìnì jẹ́ irin líle. Bí irin líle bá lu irin líle, èérún lè fò wọ ojú. Awò ìdáàbòbò ojú kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́.

Bí lílù kò bá ran án, ooru ni ó kù. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé irin tí iná mú a máa fẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé òde ni kí wọ́n mú gbóná. Píìnì kò gbọdọ̀ gbóná pẹ̀lú rẹ̀. Bí ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 50 bá fi ìwọ̀n ooru Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 200 gbóná sí i, yóò fi nǹkan bíi mílímítà 0.12 fẹ̀. Ìwọ̀n yìí kò ju ìnípọn ìwé kan lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti já ìpẹtà kúrò lára irin. Bí wọ́n bá mú píìnì gbóná dípò òde, òun ni yóò fẹ̀, yóò sì há sí i.

Kí wọ́n tó tan iná, kí wọ́n nu gbogbo òróró àti kẹ́rósìn tí wọ́n ti dà síbẹ̀ kúrò, kí wọ́n tú họ́ọ̀sì tí ó bá wà nítòsí, kí yanrìn àti ẹ̀rọ ìpaná sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ọ̀pọ̀ síìlì rọ́bà ni kò lè fara da ooru tí ó bá ju ìwọ̀n 100 lọ púpọ̀. Èèwọ̀ ni láti fi iná sí sílíńdà tí òróró ṣì wà nínú rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì dí. Bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, kí wọ́n gé píìnì sọnù. Píìnì àti bọ́ọ̀ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n ń pààrọ̀. Ẹsẹ̀ àti ara ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ a máa fi ohun kékeré ra ohun ńlá padà.

7.0 Ìdènà

Ẹsẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ tí wọn kò tọ́jú yóò tún há. Kí wọ́n fún gbogbo ojú ìgba-gírísì ní gírísì gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ti là á sílẹ̀, títí gírísì tuntun yóò fi lé èyí tí ó ti dúdú jáde. Lẹ́yìn iṣẹ́ nínú omi ọ̀sà, kí wọ́n fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ dúró fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí ọ̀pá dídán inú sílíńdà lè wọlé sínú òróró. Bí ọ̀pá bá wà níta, atẹ́gùn iyọ̀ yóò gbẹ́ ihò kéékèèké sí i lára, ihò wọ̀nyí yóò sì máa ge síìlì bí ayùn. Kí wọ́n sì máa ṣí ẹ̀rọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n na ẹsẹ̀ tán, kí wọ́n kó o padà. Irin tí ń rìn kì í tètè gan.

8.0 Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sí ní èdè Yorùbá. Ọmọṣẹ́ tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò lè ka ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ tí ó ń wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni ìwé rẹ̀. Bí ọ̀gá bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí rẹ̀, ọmọṣẹ́ yóò jogún bí, kò ní í jogún ìdí.

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò tó o sọ. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1984. Àwọn mẹkáníìkì ní tiwọn kò dúró de ẹnikẹ́ni: píìnì, bọ́ọ̀ṣì, síìlì, họ́ọ̀sì àti gírísì ti di Yorùbá lẹ́nu wọn. Ó yẹ kí olùkọ́ gba àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wọ̀nyí bí wọ́n ti wà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ àbínibí bíi ẹsẹ̀ ìdúró kún un níbi tí yóò bá mú òye yá.

Ohun èlò ìkọ́ni rẹ̀ kò wọ́n. Olùkọ́ lè fi ìṣó mẹ́rin sínú ife mẹ́rin: ọ̀kan nínú ife gbígbẹ, ọ̀kan nínú omi lásán, ọ̀kan nínú omi iyọ̀, ọ̀kan tí wọ́n fi gírísì pa nínú omi iyọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ojú ara wọn rí ohun tí apá kẹta àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé. Síríńjì méjì tí kò dọ́gba, tí kò ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀, tí omi sì kún inú wọn, yóò fi ìlànà Pascal hàn: títì kékeré lójú síríńjì kékeré yóò gbé ẹrù lójú síríńjì ńlá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà nítòsí Àjáh, olùkọ́ lè pe ọ̀gá mẹkáníìkì kan wá sí kíláàsì, kí ọ̀gá sọ bí, kí olùkọ́ sọ ìdí.

9.0 Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ẹsẹ̀ katapílà tí ó há lè jẹ́ àìsàn irin, àìsàn òróró tàbí ti ẹrẹ̀, àti pé oògùn ọ̀kan kò wo èkejì. Omi iyọ̀ àti yanrìn Lẹ́kkí àti Àjáh kò ní í kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ́ kò sì tíì tán. Ohun tí ó lè yí padà ni ìmọ̀ ẹni tí ó ń wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọṣẹ́ tí ó bá mọ ìdí tí agbára fi ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn fáàfù yóò tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kódà ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nítòsí.